Kútẹ́ẹ̀sì Pupa Orí Súkúrù

Òórùn turàrí ló kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà, kí ìyá tó gbé e wá tó yọjú. Ṣọ́ọ̀bù wa wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Bódìjà, níbi tí ariwo ayùn àwọn tó ń la pákó ti máa ń bá wa láti àárọ̀, òórùn tó sì sábà máa ń wà níbẹ̀ kò ju ti epo ẹ̀rọ àti ti aṣọ tí áyọ́ọ̀nù gbígbóná ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Turàrí yìí yàtọ̀. Mo gbójú sókè, mo sì rí ìyá kan tó dúró sẹ́nu ọ̀nà, aṣọ funfun láti orí dé ọrùn ẹsẹ̀, wọn ò wọ bàtà, wọ́n gbá àpò ńlá kan mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Mo dìde, mo kúnlẹ̀, mo gba àpò náà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n bá wá.

Èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀gá mi, obìnrin tó fi ọdún mẹ́rin kọ́ mi níṣẹ́, ti kó lọ sí Mọ́níyà lọ́dún náà, níbi tí ọkọ wọn kọ́lé sí, wọ́n sì ní kí n máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù, pé Sátidé Sátidé làwọn á máa yọjú. Mo ti gba fìrídọ́ọ̀mù, wọ́n ti gbàdúrà fún mi, wọ́n ti ya fọ́tò, ṣùgbọ́n tí oníbàárà bá wọlé, mo ṣì máa ń wẹ̀yìn bóyá ọ̀gá wà níbẹ̀. Ó yẹ kó o mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà yẹn. Inú ìdílé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí, láàrin Ìbàdàn àtijọ́, níbi tí ọmọ kì í ti í sọ̀rọ̀ fún àgbà kọjá “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Tí àgbà bá rán mi níṣẹ́, mo lè ti rìn dé ìdajì ọ̀nà kí n tó rántí pé n ò mọ ibi tí wọ́n rán mi lọ. Ìyá mi a máa fi mí yangàn láàrin àwọn Àlàájà ẹgbẹ́ wọn pé ọmọ àwọn kì í béèrè ìbéèrè. Inú mi sì máa ń dùn sí i.

Sùtánà méje ló wà nínú àpò náà, gbogbo wọn funfun, gbogbo wọn ti rọ̀ nítorí fífọ̀. Ìyá ṣàlàyé pé ọmọ àwọn obìnrin, àbíkẹ́yìn, fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ kó lọ sí ìlú òyìnbó, bàálù wọn á gbéra ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Wọ́n ní kí n gé aṣọ àdúrà méjèèje, kí n tò wọ́n pọ̀, kí n fi ṣe aṣọ ìbora onípele mẹ́ta fún un, irú èyí tí a máa ń tẹ́ òwú rírọ̀ sáàrin rẹ̀, tí a ó wá rán gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti etí dé etí kí òwú inú má baà ṣí kiri.

“Ibi tó ń lọ yẹn, ẹsẹ̀ mi ò lè dé ibẹ̀ mọ́,” ni wọ́n wí. “Àwọn aṣọ tí mo wọ̀ kúnlẹ̀ nítorí rẹ̀, àwọn ni kó máa bò ó lára.”

Mo ní kò burú, mà. Wọ́n ti dé orí àtẹ̀gùn kí wọ́n tó yí padà, tí wọ́n ní kí n jọ̀ọ́, kí n má jẹ́ kí pupa tàbí dúdú kan aṣọ náà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. N ò bi wọ́n ní nǹkan kan.

Jẹ́ kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí fún ẹ, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀rọ ńlá kan la fi ń rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀, tòkunbọ̀, tí apá rẹ̀ gùn ju ti ẹ̀rọ ìránṣọ tó kù lọ, kí aṣọ tó nípọn lè ráyè kọjá. Òwú méjì ló fi ń rán. Ọ̀kan ń bá abẹ́rẹ́ bọ̀ láti òkè. Èkejì wà nísàlẹ̀, a wé e mọ́ bọ́bìn, bọ́bìn sì wà nínú ilé rẹ̀ kékeré onírin. Súkúrù kan wà lára ilé bọ́bìn yẹn tí kò tó orí ìṣáná, òun ló ń pàṣẹ bí òwú ìsàlẹ̀ ṣe máa le tó. Tí òwú ìsàlẹ̀ bá le jù, á nà gbọnrangandan lábẹ́ aṣọ, tòkè á kàn máa lọ́ mọ́ ọn lára. Tó bá dẹ̀ jù, tòkè á fà á yọ sójú aṣọ. Ohun tí a ń wá ni kí àwọn méjèèjì fa ara wọn dọ́gba, kí wọ́n pàdé nínú òwú rírọ̀ àárín, níbi tí ojú ò ti ní rí wọn.

Bí ọ̀gá mi ṣe ń dán an wò ni pé wọ́n á fi òwú dúdú sókè, wọ́n á fi pupa sísàlẹ̀, wọ́n á rán an lórí àgékù aṣọ funfun. Tí pupa bá yọ lókè, tàbí dúdú bá yọ nísàlẹ̀, wọ́n á ní, “Ẹ ò rí i, ẹnì kan ń jẹ gàba níbẹ̀.” Wọ́n á yí súkúrù náà díẹ̀ díẹ̀ títí á fi dára. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á kán kútẹ́ẹ̀sì pupa lé e lórí, irú èyí tí obìnrin fi ń kun èékánná, á gbẹ mọ́ ọn, kí ọwọ́ ọmọṣẹ́ kankan má baà yí i. Odidi ọdún mẹ́rin, n ò fọwọ́ kan súkúrù náà rí. Èèwọ̀ ṣọ́ọ̀bù ni.

Ìwọ wá wo ohun tí mo ṣe. Gbogbo òwú pupa àti dúdú tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo kó wọn sínú ọ̀rá, mo gbé wọn lọ fún obìnrin tó ń dirun ní ẹ̀gbẹ́ wa pé kó bá mi tọ́jú wọn di ọjọ́ kan. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì gbá ìdọ̀tí òwú kúrò nínú ẹ̀rọ. Híjáàbù tí mo wọ̀ wá lọ́jọ́ náà pọ́n bí ẹ̀jẹ̀ dúdú, mo bọ́ ọ, mo fi gèlè àwọ̀ eérú bo orí dé ìrọ̀lẹ́, láti ọjọ́ kejì funfun ni mo ń wọ̀. Mo ti ń yin ara mi pé kò sí pupa mọ́, kí ojú mi tó bọ́ sára súkúrù. Kútẹ́ẹ̀sì ọ̀gá mi ń dán yinrin níbẹ̀, lára ilé bọ́bìn tí òwú aṣọ ìyá máa gba inú rẹ̀ kọjá. Mo fi ẹnu bíléèdì ha á, kò lọ. Mo fi súkúdíráfà kékeré ṣá a, ó ń fọ́ díẹ̀ díẹ̀, títí súkúrù fi mọ́ tónítóní. Mo rò pé súkúrù náà ò yí kúrò lójú kan. Ó kúrò.

Nígbà tó kan dídán an wò, n ò lè lo pupa, n ò lè lo dúdú, ọpọlọ mi ò sì rò ó pé Ọlọ́run dá àwọ̀ mìíràn. Mo fi funfun sókè, funfun sísàlẹ̀, lórí àgékù aṣọ funfun. Ó tẹ́jú, ó rẹwà. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi rán aṣọ ìbora náà, mo ń lọ, mo ń bọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni ń to ẹyin. Ohun kan ṣoṣo tó yà mí lẹ́nu ni pé sùtánà kọ̀ọ̀kan ní ojú ibì kan láyà tó funfun ju ibi tó kù lọ, tí ihò abẹ́rẹ́ wẹ́wẹ́ yí i ká. Mo rò pé ọjọ́ orí aṣọ ni, mo yí wọn sẹ́yìn kí wọ́n má baà hàn. Ìyá wá gbé e ní Ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n gbàdúrà fún mi lórí ìkúnlẹ̀ títí orúnkún fi ń ta mí. Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn lọ sílé ní Àgbowó nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, inú mi dùn débi pé n ò rántí wọ mọ́tò.

Ọjọ́ Ajé ni wọ́n padà wá. Mo rí ojú wọn, mo ti mọ̀. Ìyá kì í jẹ́ kí ọmọ wọn lo aṣọ tuntun láìfọ̀, wọ́n sì ti fi ọwọ́ ara wọn fọ̀ ọ́ ní Sátidé, nínú ọgbà ilé ọmọ náà ní Onírèké. Bí wọ́n ṣe gbé e jáde nínú omi báyìí, tí aṣọ ti wúwo, ni wọ́n gbọ́ tí òwú ń já, pà, pà, pà, láti ìlà kan dé òmíràn. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí tábìlì mi. Òwú ìsàlẹ̀ ti nà gbọnrangandan nígbà tí mò ń rán an, kò ní ààyè kankan tó lè fi gba ìwúwo, ó sì já. Ìlà bíi mọ́kànlá ti ṣí sílẹ̀, òwú rírọ̀ inú ti ṣù jọ sápá kan, ibòmíràn wá pẹlẹbẹ bí ẹni pé kò sí òwú nínú rẹ̀. Mo fi èékánná fa ìdí òwú kan nínú àwọn tó kù, odidi ìlà náà bá a jáde wọ́ọ́rọ́.

Wọn ò bínú. Ká ní wọ́n bínú ni, ì bá sàn fún mi. Wọ́n kàn jókòó sórí bẹ́ǹṣì, wọ́n ní, “Ọjọ́bọ̀ mà ló ń lọ.”

Mo jáde sí orí àtẹ̀gùn, mo pe ọ̀gá mi lórí fóònù. Mo rò pé wọ́n á ní kí n má ṣèyọnu, àwọn ń bọ̀. Wọ́n tẹ́tí títí mo fi ro gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n wá bi mí pé kí ni mo fi dán an wò.

“Òwú funfun, mà.”

“Lókè àbí nísàlẹ̀?”

“Méjèèjì, mà.”

“Nígbà náà, o ò dán nǹkan kan wò.”

Wọ́n bi mí nípa kútẹ́ẹ̀sì. Mo ní mo ti ha á kúrò, àti ìdí tí mo fi ha á. Ohùn wọn rọ̀. Wọ́n ní tí àwọn bá wọkọ̀ wá láti Mọ́níyà, àwọn lè tún un ṣe ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ṣùgbọ́n màá dàgbà, màá darúgbó, n ò ní mọ súkúrù yẹn yí. Wọ́n ní súkúrù ti di tèmi láti òní lọ. Wọ́n ní kí n padà wọlé, kí n bi ìyá náà ní ohun tó yẹ kí n ti bi wọ́n láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n sì pa fóònù.

N ò ní purọ́ fún ẹ, ìbéèrè yẹn le fún mi ju iṣẹ́ lọ. Mo kúnlẹ̀ níwájú ìyá, mo wo ilẹ̀, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, mà, kí wọ́n má bínú, kí ló dé tí pupa àti dúdú ò gbọdọ̀ kan aṣọ náà, ṣé àwọ̀ mìíràn náà wà tí kò gbọdọ̀ kàn án, ṣé ẹ̀rọ náà ò sì gbọdọ̀ ní pupa lára ni. Mo tú gbogbo ohun tí mo ṣe sílẹ̀, títí dórí híjáàbù.

“Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, a kì í wọ pupa, a kì í wọ dúdú,” ni wọ́n wí. “Mo kàn ní n ò fẹ́ òwú wọn lára aṣọ ọmọ mi ni. Èmi ò ní kó o má lo búlúù. Ẹ̀rọ rẹ ò sì sí nínú ìjọ wa.”

Wọ́n sọ ọ́ láìrẹ́rìn-ín, mo sì bú sẹ́rìn-ín pẹ̀lú omijé lójú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa awò ojú wọn yọ nínú àpò, wọ́n ní kí n fún àwọn ní bíléèdì kan. A jọ jókòó ti tábìlì, a bẹ̀rẹ̀ sí í tú aṣọ náà. Bí ẹnu mi ṣe ti là, mo tún bi wọ́n nípa ojú ibi tó funfun láyà àwọn sùtánà wọ̀nyẹn. Wọ́n ní ẹni tó júwe ṣọ́ọ̀bù wa fún àwọn sọ pé ọmọ Àlàájà ni mí, àgbélébùú tí wọ́n fi òwú búlúù rán sì ti wà láyà gbogbo aṣọ náà tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ méjì ni wọ́n fi tú wọn, kí wọ́n tó kó wọn wá.

“Mo rò pé tó o bá rí i, ọwọ́ rẹ ò ní yá sí iṣẹ́ náà,” ni wọ́n wí. “Mi ò fẹ́ ni ọ́ lára. Mi ò sì bi ọ́.”

A wá ń wo ara wa, àgbà àti ọmọdé, bíléèdì lọ́wọ́. Wọ́n ti fi ọjọ́ méjì tú ohun tó ṣe iyebíye sí wọn nítorí mi, èmi náà ti ha ohun tí kò yẹ kí n ha nítorí wọn, kò sì sẹ́ni tó ní kí ẹnì kankan ṣe é. Wọ́n fa áńkáṣíìfù kan yọ, àwọn òwú búlúù náà wà nínú rẹ̀, wọ́n wé wọn rìbìtì. Wọ́n bi mí bóyá ọwọ́ mi á gbà á tí àwọn bá tún àgbélébùú kan rán sí igun aṣọ. Mo ní aṣọ wọn ni, àdúrà wọn ni, ọwọ́ nìkan ni tèmi. Fúnra wọn ni wọ́n rán an, èmi ni mo bá wọn ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni mo bá súkúrù wọ̀yá ìjà. Mo fi búlúù sókè, mo fi yẹ́lò sísàlẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rán an lórí àgékù, tí mo sì yí i sẹ́yìn, mo rí i kedere: yẹ́lò nà síbẹ̀ gbọnrangandan, búlúù ń ṣe tótó-tòtò lára rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun tí mo rán sí ara aṣọ ìyá fún ọjọ́ mẹ́rin nìyẹn, tí funfun bá mi bò mọ́lẹ̀. Mo dẹ súkúrù díẹ̀, kò tó. Mo dẹ̀ ẹ́ sí i, ó pọ̀ jù, yẹ́lò yọ sójú aṣọ. Mo di ìdí òwú mú, mo jẹ́ kí ilé bọ́bìn rọ̀ sílẹ̀ lára rẹ̀, mo mi ọwọ́ díẹ̀ bí mo ṣe rí i tí ọ̀gá mi ń ṣe é, pé kó sọ̀ díẹ̀, kó sì dúró. Ó já sílẹ̀ fìrì títí kan ilẹ̀. Mo yí súkúrù náà le. Lẹ́ẹ̀kejì kò tilẹ̀ mira. Ìyá ti wá jókòó tì mí, wọ́n ń wò ó, wọ́n ní ó jọ aláǹtakùn tó ń ronú. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo yí i, àgékù aṣọ kún ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, ìgbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ìyàtọ̀ tí ojú ò lè rí. Mo mi ọwọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, ó dúró. Mo mi ín lẹ́ẹ̀kan sí i, ó tún sọ̀ díẹ̀, ó dúró. Mo rán an. Búlúù nìkan ló wà lókè, yẹ́lò nìkan ló wà nísàlẹ̀. Ìyá gba àgékù náà, wọ́n ń yí i síwá, wọ́n ń yí i sẹ́yìn. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n ò lè jókòó. N ò sì kán kútẹ́ẹ̀sì lé súkúrù náà mọ́ láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi a máa yí i.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ náà lọ, mo ti rò ó bọ̀. Ohun tí mo ń pè ní ọ̀wọ̀ nígbà yẹn, ẹ̀rù ló pọ̀ nínú rẹ̀. Mò ń dẹ ara mi sílẹ̀ fún àgbà, mo rò pé mo ń gbé wọn gẹ̀gẹ̀, bẹ́ẹ̀ mo ń fi wọ́n sílẹ̀ láwọn nìkan. Ìyá yẹn ì bá fẹ́ kí n bi wọ́n. Wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ ìjọ wọn, wọ́n fẹ́ sọ̀rọ̀ ọmọ wọn tó ń lọ, wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ dání wá láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn, èmi ni mo fi “Bẹ́ẹ̀ ni, mà” tì wọ́n lẹ́nu. Ó sì dùn mí, nítorí n ò mọ iye àgbà tí mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ṣáájú wọn, títí kan bàbá mi tó ti kú, tí mo mọ ìtẹríba fún dáadáa, ṣùgbọ́n tí n ò mọ ohun tí wọ́n fẹ́ràn jù láyé.

Mo rán aṣọ náà mọ́jú, mo sì rán an tán ní Ọjọ́rú. Àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni ìyá wá, mọ́tò ọkọ ọmọ wọn ń dúró dè wọ́n nísàlẹ̀. Mo fẹ́ ká a fún wọn, wọ́n ní rárá. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀, wọ́n fún mi ní etí kan, àwọn náà di etí kejì mú, wọ́n fi ẹsẹ̀ lásán tẹ táìsì mọ́lẹ̀. Wọ́n ní kí n fà á. Mo fà á díẹ̀, bí ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ṣe máa fa nǹkan lọ́wọ́ àgbà.

“Má bọ̀wọ̀ fún mi,” ni wọ́n wí. “Ọmọ mi ló máa bò. Fà á.”

Mo fà á. Àwọn náà fà á, agbára wọn ju bí mo ṣe rò lọ, ẹsẹ̀ mi yọ̀ síwájú lórí táìsì. Mo tún ẹsẹ̀ mi tẹ̀, mo fi gbogbo ara fà á padà, títí iṣan fi yọ lápá wọn, tí èmi náà ń mí hẹlẹ. A dúró báyẹn, aṣọ nà láàrin wa. Mo ń tẹ́tí fún ìró òwú. Láti kékeré ni mo ti ń kúnlẹ̀ kí àgbà, ọjọ́ náà ni mo kọ́kọ́ bá àgbà fa nǹkan, kò sì sí ohun tó já.